Àkekèé ta ọmọ mi, ẹsẹ̀ kò wú, síbẹ̀ kò lè gba aṣọ ìbora sára: kí ni oró yìí ń ṣe?

Ìyá Àkàndé (Ṣakí):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkekèé ta Àkàndé mi, ọmọ ọdún 11, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Bàtà tó fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn ló fẹ́ wọ̀. Igbe tó ké, àwọn ará ilé kejì ló kọ́kọ́ já wọlé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí i: àwọ̀ rẹ̀ bíi koríko ọ̀gbẹlẹ̀, kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, ẹ̀mú iwájú rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ ki. A gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ sí etí ibi tó ta á, wọ́n ní ká sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ẹsẹ̀ yẹn kò wú. Mo wo ojú ibẹ̀ dáadáa, àmì kan báyìí ni, bí ibi tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún, ẹ̀jẹ̀ ò tilẹ̀ jáde. Síbẹ̀ bí etí aṣọ ìbora ṣe kàn án, ọmọ fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ lásán! Oyin ta ọmọ kan náà lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ wú bíi búrẹ́dì, kò ké tó ìdajì eléyìí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ òun, láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí dé orúnkún. Mo bi wọ́n léèrè níbẹ̀, wọ́n ní "oró ni, mọ́mì." Mo mọ̀ pé oró ni. Iṣẹ́ tí oró náà ń ṣe nínú ara ọmọ mi ni mo fẹ́ mọ̀.

Baba Àgbẹ̀ (Ìgbòho):
Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyàwó wa. Kò ní í tún ta á mọ́. Àwọn àgbà kò ṣèèṣì sọ pé àkekèé ò ṣeé dì níbò. Èmi ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹta lóko, ẹ̀yìn ebè iṣu ni ti àkọ́kọ́. Ohun tí bàbá mi ń ṣe ni pé kí wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí oró má bàa gòkè, kí wọ́n fi abẹ fín ojú ibẹ̀, kí wọ́n wá gbé òkúta dúdú lé e kí ó fa oró náà jáde. Ó sì ń san. Ẹ̀jẹ̀ ni mo gbà pé oró ń bà jẹ́, nítorí náà ni a ṣe ń tú u dànù. Dúdú ńlá tó dà bí akàn nìyẹn ni àwa sì ń bẹ̀rù jù, kì í ṣe pupa kékeré yẹn.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì (Ìbàdàn):
Ìyá Àkàndé, ẹ kú ìtọ́jú. Ìbéèrè yín wọ̀ mí lára gan-an, torí ìdáhùn rẹ̀ wà, ó sì yé mi dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Iṣan ìmọ̀lára ló ń gbé ìròyìn ìrora láti ẹsẹ̀ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, kó tó dé ọpọlọ. Iná mànàmáná ni ìròyìn náà, sódíọ̀mù ló sì ń gbé e rìn, sódíọ̀mù kan náà tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa. Sódíọ̀mù tó wà lẹ́yìn òde iṣan ju ti inú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni bátìrì ara wa. Awọ iṣan ló wá dí wọn mọ́ra, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké sì wà lára awọ náà. Purotéènì ni ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ó ní apá mẹ́rin, apá kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ tó ń mọ̀ bí iná bá yí padà. Bí nǹkan bá gún yín, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò sún, ilẹ̀kùn yóò ṣí, sódíọ̀mù yóò ya wọlé. Kí ìdá kan tàbí méjì nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan tó kọjá, ìdérí kan yóò ti ti inú wá dí ẹnu ọ̀nà náà. Dídí yẹn ṣe pàtàkì bíi ṣíṣí. Òun ló ń jẹ́ kí ìròyìn kan parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni oró àkekèé ti wọlé. Kò fọ́ nǹkan kan. Purotéènì kékeré ni òun náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ámínò ásíìdì (àwọn ègé tí a fi ń kọ́ purotéènì) 60 sí 70 lọ, tí a fi ìdè mẹ́rin dì pinpin débi pé wọn kì í tètè bàjẹ́. Oríṣi kan, alpha ni wọ́n ń pè é, máa ń di ẹ̀ṣọ́ apá kẹrin mú. Bí ẹ̀ṣọ́ yẹn kò bá lè sún tán, ìdérí kò ní í rí ọ̀nà wọlé. Ilẹ̀kùn ti ṣí, kò wá ṣeé tì. Iṣan tó yẹ kó pariwo lẹ́ẹ̀kan á máa pariwo léraléra láìdákẹ́. Oríṣi kejì, beta, máa ń di ẹ̀ṣọ́ apá kejì mú sí ipò ṣíṣí, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀kùn tó yẹ kí wọ́n kàn gbọn-in gbọn-in kó tó ṣí, afẹ́fẹ́ lásán ló ń ṣí i. Àwọn àkekèé Amẹ́ríkà ló ní beta jù, àwọn ti Áfíríkà àti Éṣíà sì ní alpha jù.

Ẹ wá wo aṣọ ìbora yẹn. Aṣọ kò yí padà, ilẹ̀kùn ló yí padà. Àwọn iṣan tó yí ojú ibẹ̀ ká ti wà ní ìmúra, ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń gba ìròyìn náà lemọ́lemọ́ sì ti ń gbọ́ ìró kékeré bí ariwo ńlá. Èèrà tó ń rìn lábẹ́ awọ náà kò yàtọ̀: iṣan ìfọwọ́kàn tó ń sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án ni. Ti oyin ọ̀tọ̀ ni. Oró oyin ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì, ohun tó tú jáde nínú sẹ́ẹ̀lì ló ń fa omi jọ, ni ẹsẹ̀ fi wú. Àkekèé tí ẹ júwe yìí kì í ba ilé jẹ́, ìlẹ̀kùn ni ó ń há.

Bàbá Ìgbòho, ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó ń bà jẹ́.

Ìyá Àkàndé (Ṣakí):
Tíṣà, ẹ ṣeun. "Aṣọ kò yí padà, ilẹ̀kùn ló yí padà." Mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n tún un kà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un wá ńkọ́? Kí ó tó pẹ́ ni ibẹ̀ kú, ọmọ sì sùn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ pé lidocaine ni wọ́n fún un, èyí tí wọ́n ń lò tí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín. Ilẹ̀kùn sódíọ̀mù kan náà tí Tíṣà sọ ni ó ń lọ jókòó sínú rẹ̀ tí sódíọ̀mù kò fi ní í rí ọ̀nà wọlé. Nítorí náà ni ó ṣe bá àkekèé mu.

Bàbá wa ní Ìgbòho, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí àwọn ọmọ. Mo ti rí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n fi rọ́bà so láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àkekèé kò pa ẹsẹ̀ náà lára, rọ́bà ló fẹ́ẹ̀ pa á. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ó tutù, nígbà tí mo tẹ èékánná rẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò padà síbẹ̀. Bí mo bá rántí ẹsẹ̀ kékeré yẹn, ọkàn mi ń gbọgbẹ́. Ẹ má so ó. Ẹ má fín in lábẹ. Ẹ má fẹnu fa á. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ fi yìnyín tí ẹ dì sínú aṣọ lé e, ẹ fún ọmọ ní parasitamọ́ọ̀ tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, kí ẹ máa wò ó.

Ohun tí ẹ ó máa wò ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Ìrora ẹsẹ̀ nìkan kì í pa ọmọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn sódíọ̀mù kò sí lẹ́sẹ̀ nìkan, ó wà lára iṣan tó ń darí ọkàn, òógùn, itọ́ àti èémí. Bí oró bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún ara kékeré, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa bì, ojú rẹ̀ á máa yí kiri, ara á máa já pàtìpàtì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù, ọkàn á máa sáré, nǹkan ọmọkùnrin á le láìdẹ̀. Ẹ rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ gbé e sórí ọ̀kadà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Oògùn apá-oró ejò kò sì ṣiṣẹ́ fún àkekèé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín.

Dókítà kan wà ní India, Himmatrao Bawaskar, ní ìlú kékeré Mahad, tó ń rí àwọn ọmọ tí àkekèé pupa ta tí wọ́n ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣàkíyèsí pé ọkàn wọn ló ń dáṣẹ́ sílẹ̀, torí àwọn iṣan tí ilẹ̀kùn wọn ti há ń tú adrenaline, èròjà ara tó ń mú ọkàn sáré, jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Ó mú prazosin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó fi tọ́jú wọn, ikú sì já wálẹ̀ gidigidi. Ní 2011, òun àti aya rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé prazosin pẹ̀lú oògùn apá-oró ti àkekèé gan-an yá ju prazosin nìkan lọ. Dókítà ìgbèríko ni o! Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mi ní gbogbo ìgbà.

Baba Àgbẹ̀ (Ìgbòho):
Ọmọ mi Àdùkẹ́, dìde, Ọlọ́run á bù kún ọ. Mo gbọ́ ti okùn, mi ò ní í so ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n òkúta dúdú ńkọ́? Mo fi ojú mi rí èèyàn tó lé ní ogún tí òkúta náà san fún. Ṣé irọ́ ni mo rí ni?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ ò rí irọ́, Bàbá. Òótọ́ ni pé ó san. Ẹ̀yà àkekèé tó wà láyé lé ní 2,000, àwọn tó lè pa èèyàn kò pọ̀ rárá láàárín wọn. Nínú àwọn tí àkekèé ń ta, ọ̀pọ̀ jù lọ ló máa san láàárín ọjọ́ kan, ẹ gbé òkúta lé e tàbí ẹ ò gbé e lé e. Òkúta ló wá ń gba ọpẹ́. Ẹni tí kò ní í san, ìyẹn ọmọ kékeré tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, wákàtí méjì tí ẹ fi dúró ti òkúta ni ó yẹ kó ti fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Dúdú ńlá tí ẹ sọ, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ̀mú rẹ̀ tóbi, ẹ̀mú ló fi ń pa ẹran jẹ, oró rẹ̀ kì í sábà lágbára. Èyí tí ẹ̀mú rẹ̀ tín-ín-rín tí ìrù rẹ̀ sì ki, oró ló gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí tí Ìyá Àkàndé rí gan-an nìyẹn. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá rí ẹlẹ́mùú tín-ín-rín, mi ò ní í fojú kéré rẹ̀.

Àrẹ̀mú (Phoenix):
Ẹ kú àsọyé o. Arizona ni mo ń gbé láti ọdún 14 sẹ́yìn, àkekèé wà lára ògiri ilé wa níbí bí ẹni wo aláǹgbá. Èyí tó burú jù nínú wọn ń jẹ́ Centruroides sculpturatus, pupa rúsúrúsú, tín-ín-rín. Ní 2009, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe fún ọmọ 15 tí ó ta ní ìpínlẹ̀ yìí tí ara wọn sì ti dojú rú. Ọmọ 8 gba oògùn apá-oró, 7 gba èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Kí wákàtí mẹ́rin tó pé, àwọn 8 ti bọ̀ sípò pátápátá. Nínú àwọn 7, ẹyọ kan péré. Ara ẹṣin ni wọ́n ti ń mú oògùn náà ní Mexico, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2011.

Àmọ́ eku ni mo fẹ́ sọ. Eku kékeré kan wà nínú aṣálẹ̀ wa, Onychomys torridus, àkekèé yìí ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà mìíràn, á fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, á gbójú sókè, á hu bí ìkookò! Àkekèé á ta á nímú, eku á nu imú lẹ́ẹ̀kan, á máa jẹun lọ. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ashlee Rowe, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ fún un ní oró náà lẹ́sẹ̀, wọ́n fún eku ilé náà. Eku ilé ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ti aṣálẹ̀ lá a fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ó sì tún lá ẹsẹ̀ tí wọ́n fi omi iyọ̀ gún ju èyí tí wọ́n fi oró gún lọ. 2013 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Tíṣà, ẹ bá mi ṣàlàyé ibi tó kàn.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì (Ìbàdàn):
Àrẹ̀mú, o ṣeun púpọ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, eku yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Ilẹ̀kùn sódíọ̀mù kì í ṣe ẹyọ kan. Oríṣi 9 ló wà lára wa, wọ́n fi nọ́ńbà pè wọ́n, Nav1.1 títí dé Nav1.9. Fún ìrora, méjì ló ń ṣiṣẹ́ jù: Nav1.7 ló ń bẹ̀rẹ̀ ariwo, Nav1.8 ló ń gbé ariwo náà lọ jìnnà. Lára eku aṣálẹ̀, ámínò ásíìdì díẹ̀ ti yí padà lára Nav1.8. Oró wá mọ́ ọn, ṣùgbọ́n dípò kí ó há a sí ṣíṣí, ó há a sí títì. Ariwo bẹ̀rẹ̀, kò rí ẹni gbé e. Nígbà tí wọ́n dá ẹyọ ámínò ásíìdì kan péré padà sí bó ṣe wà lára eku ilé, ìdènà náà pòórá. Wọ́n tún fún eku aṣálẹ̀ ní formalin tó máa ń dun gbogbo eku, ó dùn ún. Wọ́n pò ó mọ́ oró àkekèé, ìrora náà dín kù. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: fún eku yìí, oró àkekèé ni oògùn ìrora.

Baba Àgbẹ̀ (Ìgbòho):
Olódùmarè tóbi! Ó wá ku kí ẹ rí tiwa ṣe. Orúnkún mi yìí, ó ti di ọdún mẹ́fà. Ṣé wọn kò lè fi oró náà ṣe oògùn fún èèyàn?

Apòògùn Adéọlá (London):
Bàbá, ẹ kú ìnira orúnkún. Wọ́n ń wá a, tọkàntara. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀nà wà.

Ní àríwá Pakistan, ọmọkùnrin kan wà tó ń ṣeré ìta gbangba. Á fi ọ̀bẹ gún apá rẹ̀ já, á rìn lórí ẹyin iná, kò ní í dùn ún. Kí àwọn onímọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti bẹ́ láti orí òrùlé, ó ti kú, kò tí ì pé ọmọ ọdún 14. Wọ́n rí ọmọ 6 mìíràn nínú ìdílé tó bá a tan. Àwọn kan ti bu ahọ́n àti ètè ara wọn jẹ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, torí wọn kò mọ̀ pé ó ń dun àwọn. Ní 2006, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé Nav1.7 ni kò ṣiṣẹ́ lára wọn. Ẹ̀mí wọn ló wà nínú ewu: ìrora ni ẹ̀ṣọ́ tí a fi ń mọ̀ pé egungun ti ṣẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà pé kí ìrora kúrò láyé pátá.

Ó di January 30, 2025 kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí suzetrigine, oògùn oníhóró tó ń ti Nav1.8, ilẹ̀kùn kejì tí Tíṣà sọ. Kì í ṣe ara àkekèé ni wọ́n ti mú un, mo fẹ́ kó yé wa. Ìrora ojijì ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, bíi ti ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe ti orúnkún ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kò bá tramadol tan rárá, iṣan ara ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í lọ mú ọpọlọ lẹ́rú. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ohun tí tramadol ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ní gáréèjì, ẹ mọ ìdí tí èyí fi mú inú mi dùn.

Àkekèé sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní 1980, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì William Catterall àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle, Amẹ́ríkà, fi ohun tó ń tàn ìtànṣán sára oró àkekèé kan tí wọ́n ń pè ní Leiurus quinquestriatus, wọ́n jẹ́ kó lọ lẹ̀ mọ́ iṣan, ibi tó lẹ̀ mọ́ ni wọ́n fi dá purotéènì ilẹ̀kùn sódíọ̀mù mọ̀. Oró ló nawọ́ sí ilẹ̀kùn fún wa.

Bàbá, ẹ má ra ohunkóhun tí wọ́n bá ní oró àkekèé ni fún orúnkún. Ẹ lọ ya fọ́tò orúnkún náà kí dókítà wò ó.

Baba Àgbẹ̀ (Ìgbòho):
Mo gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ọjà.

Ìyá Àkàndé (Ṣakí):
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Àkàndé ní kí n béèrè: ṣé a bí eku yẹn mọ́ ọn ni, àbí ó máa ń kọ́ ọ bí wọ́n bá ti ta á lọ́pọ̀ ìgbà? Ó ní bó bá jẹ́ pé ó ń kọ́ ọ, òun ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì (Ìbàdàn):
Ẹ sọ fún un pé àbímọ́ ni. Inú àjogúnbá ni ìyípadà náà wà, bàbá àti ìyá eku ló gbé e fún un. Kí ó má ṣe tún gbìyànjú rárá o! Bí wọ́n bá ta èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ni ti àná.

Àrẹ̀mú (Phoenix):
Ìyá Àkàndé, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un. Àkekèé máa ń tàn nínú iná aláwọ̀ àlùkò, irú tọ́ọ̀ṣì kékeré tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni. Ẹ pa gbogbo iná, kí ẹ tan ìyẹn sẹ́yìn ilé.

Ìyá Àkàndé (Ṣakí):
Mo yá ti aládùúgbò mi tó ń ta aṣọ. A pa iná lánàá ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, èmi àti Àkàndé, a wọ bàtà òjò. Lára ògiri ilé, kò sí. Nídìí ìkòkò omi, kò sí. A dé ìdí ìtì igi ìdáná tí ó fara ti ògiri ní òdìkejì ilẹ̀kùn tó fi bàtà sí, méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n tàn yòò, àwọ̀ ewé tó dà pọ̀ mọ́ búlúù, mo lè ka oríkèé ìrù wọn. Ọmọ mi ló di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. A ti kó igi náà lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà láàárọ̀ yìí, bàtà gbogbo wa sì ti wà lórí ìṣó.